Àmì Tí Ọ̀gá Wa Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Fà

Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan. Àwa márùn-ún la wà ní gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ òṣèré wa ti ń ṣe ìdánrawò ní Ìkòsì: ọ̀gá wa, tó ń kọ eré tó sì ń darí rẹ̀, àgbà òṣèrébìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, aláwàdà tí yóò ṣe ọkọ rẹ̀ nínú eré tuntun, obìnrin tó ń tọ́jú aṣọ eré, tó ń lọ aṣọ ní igun, àti èmi. Mo rántí aago náà nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè wò ó ni, bóyá ó ti tó àkókò láti pa fèrèsé dé. Bí ó bá ti kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, àwọn tírélà tó já ata sílẹ̀ ní Mile 12 á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ènìyàn kò ní gbọ́ ohùn ẹnìkejì mọ́.

Ọ̀gá wa pín ìwé eré tuntun. Ó fún Mummy, ó fún aláwàdà, lẹ́yìn náà ló na ẹ̀dà kan sí mi. Láti ọdún méjìlá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìwé eré máa dé ọwọ́ òṣèré kí ó tó gba ọwọ́ mi kọjá.

Káfíńtà ni mí nígbà tí mo dé ẹgbẹ́ yìí. Mò ń kan ilé, àga àti ìtẹ́ ọba fún ìtàgé. N kò mọ̀wé. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, ìyàwó mi ló sì tì mí wọ̀ ọ́. Olùkọ́ wa kì í fi àmì ohùn ṣeré. Ó ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní àmì dà bí ọmọ tó jáde nílé láìwọ ṣòkòtò. Ohun tí àwọn tó tètè kàwé ń fojú fò, èmi tí mo pẹ́ kí n tó kọ́ ọ kò lè fojú fò ó. Nígbà tó yá, mo fi ayùn àti òòlù sílẹ̀, mo bọ́ sẹ́yìn aṣọ ìtàgé. Iṣẹ́ mi ni láti jókòó lórí àpótí kan níbẹ̀, kí n mú ìwé eré dání, kí n sì rán òṣèré létí bí ọ̀rọ̀ bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, èmi ni mo ń fi àmì sórí ìwé náà.

Ọ̀gá wa mọ eré kọ, àmọ́ kò mọ àmì, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń tẹ̀ ẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ á sì jáde ní ìhòòhò. Ní ọdún kan, kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, òṣèré tuntun kan sáré wọ orí ìtàgé láti kéde pé ìyá òun dé. Bí ó ṣe há a sórí láti inú ìwé ni pé, "Ìyà mi dé o!" Àwọn òǹwòran dá a lóhùn pé, "Ó yá, jẹ ẹ́!" Eré ìbànújẹ́ ni o. A kò rí i gbé dìde mọ́ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni bírò pupa mi ti ń la gbogbo ìwé kọjá. N kì í fi ọ̀rọ̀ kún un, n kì í yọ ọ̀rọ̀ kúrò. Àmì nìkan. Bàbá Alámì ni wọ́n ń pè mí, ohun tí mo bá sì fi sórí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí i pé ìwé tuntun náà ṣófo, mo wo ọ̀gá.

"Ọ̀gá, mi ò tíì rí èyí."

"Kíkà lásán la fẹ́ kà á lónìí, Alámì. Fara balẹ̀."

Mo ní, "Hùn." Ohun tí mo máa ń sọ náà nìyẹn.

Eré náà dá lórí tọkọtaya kan tó ń gbé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ara obìnrin náà kò yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ọkọ rẹ̀ ló ń pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Títí a fi ka ojú ìwé kẹta, mò ń sọ fún ara mi pé irú rẹ̀ pọ̀ ní Èkó. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pọ̀. Àìsàn pọ̀. Mo ṣí ojú ìwé kẹrin.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ní àmì. Nínú gbogbo ìwé náà, òun nìkan ló ní in. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Bírò búlúù ni wọ́n fi to àmì kékeré sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fa igi kan sókè rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀gá wa ni. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀.

Mummy kà á bí mo ṣe kọ́ ọ láti máa kà. Ó wo àmì, ó gbé ohùn sókè:

"Ọkọ́ mi, má sáré."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Dírẹ́tọ̀, ọkọ́ kẹ̀? Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko? Ṣé oko la wà ni?"

Obìnrin aláṣọ dáhùn láti igun, "Bóyá ebè ni ọkùnrin náà ń kọ, Mummy."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa náà rẹ́rìn-ín. "Rárá, àmì yẹn ni mo fà sódì. Ọkọ̀ ni. Ọkọ̀, bíi ọkọ̀ ojú títì."

"Obìnrin wo ló ń pe ọkọ ẹ̀ ní ọkọ̀?" ni aláwàdà bèèrè. "Ṣé bàbá yẹn ní táyà ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún yín. Púrúǹtù ni ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ A, B, D. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó máa kọ sí ìyàwó ẹ̀ láyé ẹ̀, ó fẹ́ fi 'Èmi ni ọkọ rẹ' parí ẹ̀. Ó wá fẹ́ fi han obìnrin yẹn pé òun ti mọ àmì. Ló bá fi àmì sí i. 'Èmi ni ọkọ̀ rẹ.'"

Ẹ̀rín ta. Aláwàdà pàtẹ́wọ́. "Yéè! Bàbá di Márúwá!"

Ọ̀gá wa kò wo ọ̀dọ̀ mi ní gbogbo ìgbà tó ń sọ ọ́.

Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà.

Ìyàwó mi lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn nígbà náà, kí fóònù tó gbòde. Mo kọ lẹ́tà ojú ewé kan ní kíláàsì, mo fi rán ẹni tó ń lọ síbẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi padà dé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kò kí mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọkọ̀ mi dà? Ẹrù mi pọ̀ o." N kò mọ ohun tó ń sọ títí tó fi tú lẹ́tà náà jáde nínú ọ̀já. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, nínú ilé nìkan, nígbà tí kò bá sí ẹlòmíràn nítòsí. Lójú ẹbí àti lójú ará àdúgbò, orúkọ àkọ́bí wa ló fi ń pè mí, bí obìnrin gbogbo. Àwọn ọmọ wa gan-an kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí àìsàn dé, tí mò ń pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀ láti àjà kejì ilé wa ní Kétu, ó máa ń gbá mi léjìká níbi tí àtẹ̀gùn ti yí. Á ní, "Ọkọ̀ mi, má sáré. Èrò rẹ ò tíì jókòó dáadáa." Èmi á dúró. A ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbẹ̀, àwa méjèèjì, kí a tó máa lọ. Òun ló ń ṣàìsàn, òun náà ló ń pa mí lẹ́rìn-ín kí n má baà sunkún.

Ó di ọdún mẹ́ta tó ti lọ. Ní ibùdókọ̀ Kétu, ènìyàn lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Kò sí èyí tó jẹ́ tèmi nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ fún. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá wa wá ń jókòó tì mí lójoojúmọ́. Kì í mú ẹnikẹ́ni wá. Kò sọ fún mi pé kí n ṣe ọkàn akin. Ó kàn ń jókòó ni, ó mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹfà ni mo la ẹnu. Mo sọ ti lẹ́tà, mo sọ ti àtẹ̀gùn. Mo sọ ọ́ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ní ọjọ́ tí mo pọ̀n ọ́n kẹ́yìn, mo sì dúró síbẹ̀. N kò lè sọ ìyókù. Ó sunkún jù mí lọ lọ́jọ́ náà.

Ní gbọ̀ngàn, wọ́n ń ka ìwé lọ. Aláwàdà ti dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Mummy, ó na ọwọ́ sẹ́yìn. "Mummy, ẹ wọlé! Ó ku ẹnì kan! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Ó ń fi ẹnu fun hóònù. Ọ̀gá wa ní, "Ó dáa! Fi ìyẹn sí i. Má gbàgbé ẹ̀."

Lójú ìwé tó kẹ́yìn, obìnrin náà kú sí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ohun tí ọ̀gá wa fi sí i lẹ́nu kí ó tó kú ni ohun tí èrò ọkọ̀ máa ń ké sí awakọ̀ ní Èkó bí wọ́n bá ti dé ibi tí wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀: "Ó wà o!" Mummy kà á jẹ́ẹ́. Aláwàdà fi ẹsẹ̀ àti ẹnu tẹ bíréèkì. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ó dùn, àbí?" Ọ̀gá wa wá yíjú sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. "Alámì, bá wa mú un lọ sílé, kí o fi àmì sí i. Pàápàá ọ̀rọ̀ yẹn. Mo gbìyànjú ẹ̀ fúnra mi, mo sì bà á jẹ́."

Mo ká ìwé. Mo jáde.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí a ń kó ohun èlò ìtàgé sí, àtẹ̀gùn onípákó kan wà tí mo kàn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ara káfíńtà wa kò yá, ọ̀gá wa ní kí n bá òun ṣe é. Mo bi í pé báwo ni kó ṣe ga tó. Ó ní, "Bíi ti ilé ẹ. Jẹ́ kó yí láàárín." Mo lọ sílé, mo fi okùn wọn tiwa, mo kàn án bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Inú mi dùn láti tún di ayùn mú. Orí rẹ̀ ni mo lọ jókòó lé.

Mummy tẹ̀ lé mi jáde.

"Alámì."

"Mà."

"Ìwọ ni, àbí?"

Mo fi àtàǹpàkò tẹ orí ìṣó kan wọ inú pákó.

"Mo rí ojú ẹ nígbà tí wèrè yẹn ń fun hóònù. Ojú ẹ kì í yí padà. Ó yí lónìí." Ó gbá ìró rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn tó wà nísàlẹ̀ mi. "Ẹnu mi yìí ni mo fi kà á. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Ẹ ò mọ̀, Mummy."

"Ṣé ó bi ẹ́ léèrè?"

"Kò bi mí."

"Mo bi í." Ọ̀gá wa ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. A kò mọ ìgbà tó dé. "Mummy, ẹ fún wa láàyè díẹ̀."

"Mi ò lọ síbì kankan. Sọ ọ́ lójú mi."

Ó wọlé, ó fara ti ògiri. "Mo bi ẹ́, Alámì. Ìgbà tí à ń bọ̀ láti Màgódò, lọ́jọ́ tí a lọ ṣeré nínú ẹ́sítéètì yẹn. Mo ní ìtàn ìwọ àti ìyàwó ẹ, eré gidi ni, ṣé kí n kọ ọ́? O ní 'Hùn.'"

Mo rántí. Òótọ́ ni, mo wí bẹ́ẹ̀. Mò ń wo ìta lọ́jọ́ náà, ó rẹ̀ mí. "Hùn" ni mo ń sọ bí mo bá gbọ́, "hùn" náà ni mo ń sọ bí n kò bá gbọ́. Ó ti ju ogún ọdún lọ tí a ti jọ wà, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ilé bá ń jó, hùn ni màá wí.

Mo ní, "Tó bá jẹ́ pé mo gbà, ọ̀gá, kí ló dé tí ìwé ò kọ́kọ́ dé ọwọ́ mi?"

Ó kúrò lára ògiri.

"Mi ò dárúkọ ẹ," ló ní. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún sunkún, ìwọ náà mọ bí eré ṣe ń rí. Ọlá ni mo fi ṣe fún obìnrin yẹn."

"Ẹ pè mí ní púrúǹtù."

"Òṣèré ni mò ń bá sọ̀rọ̀ kẹ̀!"

Mummy ní, "Hẹn. Àwa kì í ṣe ènìyàn."

"Ẹ yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò," ni mo wí. "Ìyókù, ẹ máa ṣe é lọ."

"Mi ò lè yọ ọ́. Òun gan-an ni eré náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, a ti pe èèyàn."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ohùn tó fi jókòó tì mí lẹ́yìn ìsìnkú ni. "Alámì, gbọ́. Ìparí yẹn ò tíì lágbára. 'Ó wà o' yẹn, mo kàn hun ún ni. Lọ́jọ́ tí ò ń sọ ọ́ fún mi, ibì kan wà tí o dúró sí. Nígbà tí ẹ dé ìsàlẹ̀, kí ló sọ gan-an?"

Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Títí di ìgbà yẹn, mò ń wá àwíjàre fún un nínú ara mi. Mo ní ó gbàgbé ara rẹ̀ ni, òǹkọ̀wé ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó bi mí ní ìbéèrè yẹn pẹ̀lú ohùn yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí ọjọ́ mẹ́fà tó fi jókòó tì mí, bóyá ọ̀rọ̀ ló ń dúró dè. N kò rò pé bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ n kò lè mọ̀ mọ́, ohun tó sì gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Hùn kan ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo gbé e mì.

"Rárá," mo ní. "Ìyẹn ò sí nínú eré."

Mo mú ìwé, mo lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí ní aago márùn-ún. Mo gbàdúrà, mo po gààrí, mo jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú bírò pupa. Ojú ìwé mọ́kànlélógójì ni. Mo fi àmì sórí gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe é, n kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Ibi méje ni ọ̀rọ̀ yẹn wà. Mo fi í sílẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, ohun kan ṣòro fún mi jù. Ohùn mẹ́ta ló wà, àmọ́ méjì péré là ń fi àmì sí. Ohùn àárín kì í gba àmì. Mo bi olùkọ́ wa pé báwo ni ẹni tó ń kàwé ṣe máa mọ̀ pé ohùn àárín ni, pé kì í ṣe pé ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò lè mọ̀. Àfi kó fọkàn tán ẹni tó kọ ọ́.

Mo fi omi funfun tí a fi ń pa àṣìkọ rẹ́ pa igi búlúù ọ̀gá wa rẹ́. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ. Mo rí i pé àmì wà lábẹ́ ọ méjèèjì, bó ṣe tọ́. Lórí wọn, n kò fi nǹkan kan sí i. Ọkọ mi, má sáré. Ní ibi méjèèje. N kò fi ọ̀rọ̀ kún un, n kò yọ ọ̀rọ̀ kúrò.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo dé gbọ̀ngàn kí aago mẹ́jọ àbọ̀ tó lù. Mummy ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Mo fún un ní ìwé. Ó fi awò sójú, ó ṣí i dé ojú ìwé kẹrin, ó sì kà á sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Ọkọ mi, má sáré."

Ó wò mí lórí awò rẹ̀. "Bí Dírẹ́tọ̀ bá ní kí n kà á bíi ọkọ̀ ojú títì ńkọ́?"

"Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kà, mà."

"Ohun tí mo rí náà nìyẹn. Ọdún méjìlá, ohun tí o bá kọ ni mò ń kà. Ẹnu mi ti gbó jù láti kọ́ òmíràn." Ó ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó wò ó, ó mi orí. "Tí mo bá wá dédé figbe 'Ó wà o!' bọnu lẹ́yìn ọkọ mi, wọ́n á ní mo ti sínwín."

"Bóyá wọ́n á yọ ọ́."

"Wọ́n á yọ ọ́. Tí wọn ò bá yọ ọ́, màá gbàgbé ẹ̀. Àgbà máa ń gbàgbé." Ó ká ìwé sábẹ́ abíyá. "Ta ló máa wá rán mi létí?"

Ó mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé, mo gbé àpótí tí mo máa ń jókòó lé síbi tí ẹlòmíràn á ti rí i, mo fi bírò pupa sórí rẹ̀. Mo kí Mummy pé ó dàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì pè mí padà.

Ọ̀gá wa kò tíì dé. N kò dúró dè é. Níta, ọmọkùnrin kan tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí mi: "Kétu, Bàbá! Ọkọ̀ yín rèé!" Mo juwọ́ sí i pé kó máa lọ.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ sílé. N kò sáré.